Ẹ Ní Ká Máa Bọ̀ Nílé Ìwòsàn, Ta Ni Yóò Ṣílẹ̀kùn Lóru?

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí, ẹ kú akitiyan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, ṣùgbọ́n èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí n ó kọ lẹ́tà sí yín, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi ti kọjá èyí tí mo lè máa bá àwọn aládùúgbò sọ lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Ọdún 1984 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ìlú àti abúlé wa ní Òkè-Ògùn, ọdún 2018 ni mo sì fẹ̀yìntì. Iye aboyún tí mo gbẹ̀bí fún láàárín ọdún 34 náà, èmi fúnra mi kò lè kà á mọ́.

Ọjọ́ ọjà wa tó kọjá ni ọkọ̀ kan wọ inú ọjà, gbohùngbohùn méjì ló wà lórí rẹ̀. Ohùn obìnrin tó ń ti inú rẹ̀ jáde dùn, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara. Ó ní kí gbogbo aláboyún tètè lọ gba káàdì, kí wọ́n má ṣe bímọ sílé, kí wọ́n má ṣe bímọ sí ilé àdúrà, kí àwọn ìyá sì máa gbé ọmọ wọn wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n pín ìwé pélébé, wọ́n pín fìlà, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú ìyálọ́jà àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. N kò ní ohun kan láti takò nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ, nítorí òun náà ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi sọ. Ohun tí mo rí ni pé àwọn obìnrin wa ti gbọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti ń sọ ọ́ sí wọn létí, wọ́n sì ti gbọ́. Àwọn tó ku kí ìpolongo náà kọjú sí ni àwọn tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìwòsàn wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ní àkókò òjò, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi ní nǹkan bí aago 11 alẹ́. Nígbà tí mo ṣí i, ọlọ́kadà kan ni mo rí, òjò ti rẹ ẹ́ gbindin-gbindin. Ọmọbìnrin aboyún kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyá ọkọ ọmọ náà sì jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú kó má baà ṣubú. Abúlé tó tó kìlómítà 9 sí ìlú ni wọ́n ti wá. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sẹ́ńtà, ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, àgádágodo ni wọ́n sì bá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọlọ́dẹ tó wà níbẹ̀ sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì ti lọ sílé láti aago 4 ìrọ̀lẹ́. Òun náà ló júwe ilé mi fún wọn.

Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo mú ìbọ̀wọ́ tó kù nínú àpò iṣẹ́ mi, a sì jọ padà sí sẹ́ńtà, bóyá a ó rí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kò rí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti yẹ ọmọ náà wò. Mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọmọ inú rẹ̀ dábùú. Ọmọ tó bá dábùú nígbà tí ìrọbí ti wọra, iṣẹ́ abẹ ló kù, kì í ṣe ohun tí agbẹ̀bí kan lè fi ọwọ́ lásán ṣe nínú òkùnkùn, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó. Mo béèrè káàdì rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ tú u jáde láti inú ọ̀rá dúdú tí wọ́n wé e sí kí omi má baà kàn án, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó ti wá sí ìtọ́jú aláboyún nígbà 6. Wọ́n kọ ìwọ̀n ìfúnpá rẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ó ti gba abẹ́rẹ́ tó yẹ kó gbà, ó ti gba oògùn tí ń fún aboyún lẹ́jẹ̀, orúkọ ọkọ rẹ̀ àti nọ́ḿbà fóònù wà lẹ́yìn káàdì náà. Lára ilẹ̀kùn, lókè àgádágodo yẹn gan-an, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ọn, àwòrán aboyún tó ń rẹ́rìn-ín wà lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ìwòsàn ni kó ti bímọ.

Awakọ̀ kan ládùúgbò dìde lójú oorun, ó gbé wa, Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Ọ̀nà kò dára. Ó lé ní aago 2 òru kí a tó dé ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe. A gbóhùn ìyá, a kò gbóhùn ọmọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá àgbà náà jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì, kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó bi mí ni pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, kí ló tún kù tí ìyàwó mi ì bá ṣe tí kò ṣe?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá bá yín, Olóòtú, nítorí n kò rí èsì fún un títí di òní.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà tí ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè lọ́dún 2009 ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ̀, ìdádúró mẹ́rin ni wọ́n ní ó ń pa abiyamọ. Èkíní ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nílé, kí aboyún àti ẹbí rẹ̀ tó pinnu pé ilé ìwòsàn ni àwọn ń lọ. Èkejì wà lójú ọ̀nà, nígbà tí kò bá sí ọkọ̀, tàbí tí ọ̀nà bá bàjẹ́, tàbí tí afárá bá ti lọ. Ẹ̀kẹta ń dúró dè é nílé ìwòsàn fúnra rẹ̀, bó bá débẹ̀ tí kò rí ẹni dá a lóhùn, tàbí tí wọ́n ní kó lọ mú owó wá kí àwọn tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀kẹrin ni ìgbà tí ń kọjá lọ kí wọ́n tó gbé e kúrò nílé ìwòsàn kékeré dé ibi tí dókítà àti yàrá iṣẹ́ abẹ wà. Ẹ fi ìdádúró mẹ́rin yìí wo ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tí mo sọ yìí. Èkíní kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá, nítorí bí inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í run ún ni wọ́n ti gbéra. Mẹ́ta tó kù ló bá a jà lóru ọjọ́ yẹn. Ẹ wá fi wo gbohùngbohùn tó wọ ọjà wa: ìdádúró kìíní nìkan ló ń bá wí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìpolongo ìlera tí mo ti rí láyé mi, òun nìkan ni wọ́n ń bá jà, nítorí kò náni lówó púpọ̀, àti nítorí pé òun ni a lè kó ẹ̀bi rẹ̀ lé obìnrin lórí.

Ètò Abíyè kò fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Wọ́n yan àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nǹkan bí aboyún 25 lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, tó mọ ilé wọn, tó mọ oṣù wọn, tó sì ń bẹ̀ wọ́n wò nílé. Wọ́n fún àwọn aboyún náà ní fóònù tí wọ́n lè fi pe òṣìṣẹ́ ọ̀hún nígbàkígbà. Lọ́dún 2010 wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́, níbi tí ìgbẹ̀bí ti jẹ́ ọ̀fẹ́, tí iṣẹ́ abẹ pàápàá sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Èrò ya lọ síbẹ̀. Ìròyìn obìnrin kan tó lọ tó sì gbé ọmọ bọ̀ láìjẹ gbèsè ti tó ìpolongo fún odidi àdúgbò. N kò sọ pé ètò náà kò ní àléébù, mo sì mọ̀ pé ètò tó bá fara ti gómìnà kan ṣoṣo a máa rọ nígbà tí gómìnà náà bá kúrò lórí àga. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ti fi hàn wá pé àwọn ìdádúró mẹ́ta tó kù náà ṣeé bá jà.

Kì í sì í ṣe òun ni ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti tó ọmọ 50 ọdún lápá ọ̀dọ̀ wa kò ní gbàgbé sòbìà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í gbé olóko kan wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹsẹ̀ á wú, á lé ròrò, á máa ta ẹni náà bí iná, títí tí aràn funfun tín-ín-rín kan yóò fi yọ orí síta. Ó lè gùn tó mítà kan. A kò gbọdọ̀ fà á tu lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bó bá já sínú, ẹsẹ̀ náà á kẹ̀. Ńṣe ni a ń wé e mọ́ igi ìṣáná lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, olóko kò lè lọ sóko, ọmọ kò lè lọ sílé ìwé, ìyá kò lè dìde pọnmi. Tí oró náà bá sì pọ̀ jù, odò ni wọ́n ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ kó lè tutù, ibẹ̀ gan-an ni aràn náà ń da àwọn ọmọ rẹ̀ sí, àwọn kòkòrò omi tí ojú kò lè rí dáadáa á gbé wọn mì, ẹni tó bá bu omi yẹn mu á ní tirẹ̀ ní bí ọdún kan sí i. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló sọ fún mi nígbà náà pé inú ara ni sòbìà ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ènìyàn. Ní Ìdèrè, ní Ìbàràpá, àwọn olùkọ́ láti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n jókòó ti àwọn ará ìlú, wọ́n gbọ́ èrò wọn kí wọ́n tó sọ tiwọn.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tó ní sòbìà káàkiri Nàìjíríà ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, iye wọn lé ní 650,000. Oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní i kẹ́yìn nílẹ̀ yìí. Lọ́dún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sòbìà, kò sí oògùn tí ń pa á nínú ara. Ìpolongo ló lé e lọ, mo wà níbẹ̀, mo sì ṣe nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìpolongo tó jẹ́. Bí a bá ní kí ìyá kan sẹ́ omi kó tó mu ún, a ní aṣọ asẹ́ lọ́wọ́ tí a ó fún un, a ó sì dúró tì í títí yóò fi sẹ́ ìkòkò kan lójú wa. Bí a bá ní kí abúlé kan má mu omi odò mọ́, àwọn kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa tí yóò gbẹ́ ẹ̀rọ omi, tí yóò sì da oògùn tí ń pa kòkòrò omi sínú odò kí ẹ̀rọ náà tó parí. Ẹnì kan wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan tó ń kọ orúkọ àwọn tí sòbìà mú sílẹ̀ lóṣooṣù. Nígbà tó yá, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tó ti jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè yìí, gbà láti dara pọ̀ mọ́ àjọ tí ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, Jimmy Carter, dá sílẹ̀, ó sì ń lọ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, kì í ṣe láti wàásù fún àwọn aláìsàn bí kò ṣe láti bi àwọn gómìnà àti alága káńsù pé omi dà. Èyí ni mo ń pè ní ìpolongo: ẹnu kan ń bá aráàlú sọ̀rọ̀, ẹnu kejì ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba.

Bákan náà ni ti àrùn rọpárọsẹ̀. Àwọn tó ń fún ọmọ ní àjẹsára kò jókòó sí sẹ́ńtà dúró dè wá; wọ́n gbé kúlà kọ́ èjìká, wọ́n wọ ilé dé ilé, wọ́n fi tádàwà sàmì sí ìka ọmọ, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ḿbà sára ògiri. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé irú rọpárọsẹ̀ tó wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, ṣebí àwọn obìnrin kan ṣì wà tí wọn kì í fẹ́ wá sí ilé ìwòsàn. Wọ́n wà. Nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè lọ́dún 2018, nínú 100 ọmọ tí a bí, 39 péré ni a bí sí ilé ìwòsàn, ìyá 512 ló sì ń bá oyún tàbí ìkúnlẹ̀ lọ nínú 100,000 ìbí. Tiwa lápá ìhín sàn ju ti àwọn ibòmíràn lọ, ṣùgbọ́n kò tíì sàn tó. Kí a tó bú àwọn obìnrin náà, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n ń rí níbi tí wọ́n ń lọ. Ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ ń gbé nínú ilé tó ti ń gbẹ̀bí, kò ní àgádágodo. Bí aboyún bá dé lóru, á jí, á gbé omi kaná, á fọwọ́ ra á lẹ́yìn, á máa kì í ní oríkì ilé bàbá rẹ̀. Owó rẹ̀ ṣeé san díẹ̀díẹ̀. Ní àwọn ilé ìwòsàn wa kan, ẹ̀wẹ̀, èébú ni wọ́n fi ń pàdé ẹni tó ń rọbí. Èmi náà ti jágbe mọ́ aboyún rí nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Agbẹ̀bíyè, wọn kò lé àwọn ìyá agbẹ̀bí náà bí olè. Wọ́n fún wọn ní ẹ̀bùn fún aboyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú wá sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn tí wọ́n lè máa fi jẹun. Ọgbọ́n gidi nìyẹn.

Síbẹ̀, n kò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó sọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀, nítorí ohun kan wà tí oríkì kò lè dá dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya lẹ́yìn tí ọmọ ti jáde, wákàtí díẹ̀ ni ìyá ní. Abẹ́rẹ́ kan wà tí ń mú kí ilé ọmọ sún kì kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Abẹ́rẹ́ yẹn kò wọ́n, ṣùgbọ́n inú fìríìjì ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí kò bá sí iná ní sẹ́ńtà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgò abẹ́rẹ́ á wà lórí pẹpẹ, omi inú rẹ̀ á mọ́ kedere, ẹni tó bá wò ó á ní oògùn wà, agbára rẹ̀ sì ti lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ iná àti omi ní sẹ́ńtà kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì.

A kò sì lè sọ pé kò sí òfin. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Àbújá níhìn-ín, wọ́n ṣe ìlérí pé ìdá 15 nínú 100 ètò ìsúná àwọn ni àwọn yóò máa ná lórí ìlera. Àwa tí a gba àlejò wọn kò tíì mú ìlérí náà ṣẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikóyè Ransome-Kútì, nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985, mú ìjọba ìbílẹ̀ 52 gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ wà nítòsí ilé aráàlú, kì í ṣe ní olú-ìlú nìkan. Lọ́dún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin ètò ìlera tó ní kí wọ́n ya owó sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀. Ọdún 2018 ni owó yẹn tó kọ́kọ́ fara hàn nínú ètò ìsúná. Apá kan owó náà wà fún àwọn sẹ́ńtà ní wọ́ọ̀dù, apá kan sì wà fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìgbìmọ̀ tí a yàn ní wọ́ọ̀dù ló yẹ kó máa mójú tó bí wọ́n ṣe ń ná èyí tó bá dé sẹ́ńtà wọn.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìgbìmọ̀ yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ aráàlú ti lè tó o. Mo ti jókòó nínú méjì nínú wọn. Èkíní kò ṣe ohun kan ju kí wọ́n buwọ́ lùwé lọ. Èkejì, àgbẹ̀ arúgbó kan ni alága rẹ̀, kò lọ ilé ìwé. Nígbà tí ẹ̀rọ omi sẹ́ńtà bàjẹ́, ó kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì nípasẹ̀ ọmọ rẹ̀, wọn kò dá a lóhùn. Ní ìgbà kẹta, ó tú irin ẹ̀rọ tó ṣẹ́ náà, ó fi àpò sìmẹ́ǹtì wé e, ó wọ ọkọ̀ lọ sí káńsù, ó sì gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì alága níwájú àlejò. Ó ní òun kò ní gbé e lọ títí tí òun yóò fi rí ẹni tó máa tún un ṣe. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, omi ti ń jáde. Irú ìpolongo yẹn kò gba fìlà, kò gba fọ́tò. Ó kàn gba pé kí ẹnì kan mọ ẹni tó yẹ kó bi léèrè ni.

N kò kọ lẹ́tà yìí láti ti nọ́ọ̀sì sínú ẹ̀bi. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo kò lè ṣiṣẹ́ ọ̀sán kó tún ṣe ti òru lójoojúmọ́, pàápàá nígbà tí ilé tí wọ́n kọ́ fún un nínú ọgbà ilé ìwòsàn bá ń jò, tí kò ní iná, tí kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Mo mọ iye àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ tí wọ́n ti já pa lọ sí ìlú ọba. Wọ́n máa ń pè mí, inú wọn kò sì dùn pé àwọn fi ilé sílẹ̀. Àwọn tó dúró ni ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ní ohun tí wọn yóò fi dúró. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 ni pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. Ó yẹ kí a máa bi alága káńsù wa pé mélòó nínú owó náà ló dé sẹ́ńtà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí, Olóòtú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn òǹkàwé láti wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lè máa kọ ohun tí wọ́n rí ní sẹ́ńtà wọn: ṣé ó ń ṣí lóru, ṣé agbẹ̀bí wà níbẹ̀, ṣé omi ń yọ, ṣé fìríìjì abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ wo ló wà láti gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ta sì ni alága ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù. Kí ẹ máa tẹ èsì káńsù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá fèsì, bí wọn kò bá sì fèsì, kí ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo kí gbogbo wa lè rí i. Fún àwọn tó ń ṣètò ìpolongo, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ wọ́n fún: kí ọkọ̀ wọn tó wọ ìlú kan, kí wọ́n kọ́kọ́ rán ènìyàn síbẹ̀ ní aago 12 òru, kó lọ kan ilẹ̀kùn sẹ́ńtà. Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, kí wọ́n darí gbohùngbohùn wọn sí káńsù ná.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tún lóyún, ó ti pé oṣù 7. Nítorí iṣẹ́ abẹ tó kọjá, kò yẹ kó rọbí níbi tó jìnnà sí dókítà, mo sì ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí ìyàwó rẹ̀ lọ máa gbé nítòsí ilé ìwòsàn ńlá ní oṣù tó kẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà wá sílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú káàdì rẹ̀ tuntun wá kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà 4 ni ó ti lọ. Sẹ́ńtà náà ṣì ń tì ní aago 4.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì,
Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.